Kí Ló Ń Rẹ Apẹja Gan-an? Ìṣirò Kan Láti Orí Omi Eléyẹlé

Ẹja kan wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tí wọ́n ń pè ní muskie. Ó gùn, eyín rẹ̀ mú, kì í sì í tètè kó sí ìwọ̀. Àwọn apẹja ibẹ̀ ní ẹja ẹgbàárùn-ún jíjù ni: ẹni tó bá fẹ́ mú un, kó múra láti ju ìwọ̀ sómi nígbà 10,000 kó tó rí ẹyọ kan. Àsọdùn wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jù, tó fà, tó tún jù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà, apá ò ní fẹ́ gbé ṣíbí lálẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ fàájì ni wọ́n ń fi ṣe.

Àwa náà ní tiwa ní Ìbàdàn, kì í sì í ṣe fàájì. Ẹ wọ ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀, ẹ ní Eléyẹlé lẹ ń lọ. Adágún omi tó wà níbẹ̀, ọdún 1942 ni wọ́n dí odò Ọ̀nà kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Epìyà wà nínú rẹ̀, àrọ̀ wà, àwọn ọkùnrin kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ju àwọ̀n sí i láti ìdájí. Ọkọ̀ onígi kan, àjẹ̀ kan, àwọ̀n olójé kan. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí àga.

Ìmọ̀ bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mò ń kà fún máàsítà ní Yunifásítì Ìbàdàn, Agbowó ni mò ń gbé. Mo ti lọ sí etí omi Eléyẹlé lọ́pọ̀ ìgbà, ìbéèrè kan ló sì máa ń gbé mi débẹ̀: kí ló ń rẹ àwọn èèyàn yìí gan-an? Ẹ má tíì dáhùn. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àwọ̀n ló wúwo. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó ná.

Ká gbà pé àwọ̀n náà, pẹ̀lú òjé àti omi tó ti mu, wọn kílò 6. Ká gbà pé apẹja ń gbé e sókè ní mítà kan ààbọ̀ kó tó jù ú, pé ó ń jù ú lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, fún wákàtí 8. Ìgbà 160 nìyẹn. Ẹni tó bá rántí físíìsì SS2 á mọ̀ pé ká tó mọ iye agbára tí gbígbé ná wa, a máa fi ìwúwo pọ̀ mọ́ gíga: 6 × 9.8 × 1.5. Ó jẹ́ nǹkan bíi joule 88 lẹ́ẹ̀kan. Ní ìgbà 160, ó tó joule 14,000. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àbí? Ẹ wá yí i sí kálórì, irú èyí tí wọ́n ń kọ sára páálí bísíkíìtì. Kò pé 3.5.

Ẹ jẹ́ ká ṣàánú, ká sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí kì í ṣe gbígbé nìkan, ó tún ń fi ipá jù ú. Ó di 7. Iṣan wa náà kì í sì í lo oúnjẹ tán: bí ìdámẹ́rin ohun tó bá jó ló ń di iṣẹ́, ìyókù ń di ooru. Nítorí náà, kí apẹja tó lè ṣe iṣẹ́ kálórì 7, á jó bíi 28.

Kálórì 28. Kóró ṣúgà méjì nìyẹn o! Ẹni tó ti fi wákàtí mẹ́jọ ju àwọ̀n, ṣé ṣúgà méjì ló ná?

Rárá. Ní ọdún 1993, Barbara Ainsworth àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tó to oríṣiríṣi nǹkan tí ènìyàn ń ṣe, tó sì sọ iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ju jíjókòó jẹ́ẹ́ lọ. Wọ́n ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Nínú rẹ̀, kí ènìyàn dúró sí etí odò máa pẹja jẹ́ ìlọ́po 3.5. Fún ọkùnrin oníkílò 70, wákàtí 8 jẹ́ kálórì 1,960. Tó bá jókòó sílé ni, á ṣì jó bíi 560. Tí a bá yọ ìyẹn, ó ku 1,400 tí iṣẹ́ ẹja fúnra rẹ̀ gbà. Etí odò lẹ̀ẹ̀ ń gbọ́ yẹn o, kò tíì sí ọkọ̀ títù níbẹ̀.

A mọ ibi tí 28 wọlé sí. Ibo ni 1,372 tó kù wà? Ká ní owó ìjọba ni, EFCC ìbá ti dé.

Iṣẹ́ tí físíìsì ò rí

Ẹ mú píọ̀ wọ́tà kan, nílọ́nù kan ṣoṣo. Ẹ na apá yín síwájú gbọọrọ, kí ẹ gbé e dúró sójú kan, kí ẹ má mì. Físíìsì á sọ fún yín pé ẹ ò ṣe iṣẹ́ kankan, torí omi náà ò kúrò níbi tó wà. Ẹ kàn ń dúró ni. Ẹ wo fóònù yín, kí ẹ ka ìṣẹ́jú. Kò ní pẹ́ tí èjìká á fi máa ta yín, tí apá á máa gbọ̀n.

Ìkọ́ tí a kàn mọ́ ògiri lè gbé àpò fún ọdún mẹ́wàá láìjẹun. Iṣan ò rí bẹ́ẹ̀. Inú iṣan kún fún àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín, myosin àti actin lorúkọ wọn. Myosin á di actin mú, á fà á, á jù ú sílẹ̀, á tún dì í mú. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ jù ú sílẹ̀ kó tún dì í, ó gbọ́dọ̀ san owó, owó náà sì ni ATP, tí ara ń fi oúnjẹ ṣe. Ẹ rántí ìdíje fífa okùn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, okùn ò ní lọ síbì kan, àmọ́ gbogbo wọn á máa làágùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan tó ń gbé nǹkan dúró nìyẹn.

Ẹ wá wo apẹja. Ó dúró lórí ọkọ̀ tó ń mì lẹ́sẹ̀. Iṣan àtẹ́lẹsẹ̀, ti itan, ti ikùn, ti ẹ̀yìn, kò sí èyí tó sùn nínú wọn, gbogbo wọn ń fà díẹ̀díẹ̀ kó má baà ṣubú sómi. Apá kan àwọ̀n wà ní èjìká rẹ̀, ó fi eyín di etí rẹ̀ mú, ọwọ́ kan di okùn. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa wo ojú omi, kó máa wá ibi tí omi ti ń hó. Jíjù fúnra rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ohun tí àwa ará etí omi ń wò bí ìsinmi, "ó kàn dúró ni," ibẹ̀ gan-an ni kálórì ń lọ.

Ó tún ku ọ̀kan. Iṣan tó bá le máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pa. Walter Rohmert ní Jámánì ṣe ìwádìí lórí èyí, ó sì gbé e jáde ní 1960: bí agbára tí ènìyàn fi ń di nǹkan mú bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tó lè fi dì í mú ń kúrú. Ó rò pé tí kò bá ti ju bí ìdá 15 nínú 100 agbára rẹ̀ lọ, ó lè dì í mú títí láé. Àwọn tó ṣèwádìí lẹ́yìn rẹ̀ ní rárá o, kódà ìyẹn máa ń rẹni tó bá pẹ́.

Ìdí tó fi máa ń rẹni, ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Elwood Henneman fi hàn ní 1965 pé iṣan kì í jí gbogbo fọ́nrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kéékèèké ló máa ń kọ́kọ́ pè síṣẹ́, àwọn ńlá á dé tí ẹrù bá wúwo, àwọn ńlá yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ sinmi. Ní 1991, ará Sweden kan, Göran Hägg, wá ronú pé tí iṣẹ́ bá fúyẹ́ ṣùgbọ́n tí kò dáwọ́ dúró, àwọn kéékèèké yẹn ò ní rí ìsinmi rárá. Ó fi wọ́n wé Cinderella inú àlọ́ òyìnbó. Ní tiwa, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n: òun ló kọ́kọ́ jí, òun ló máa sùn kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Èrò ni Hägg pè é, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ó bá ohun tí àwọn apẹja ń sọ nípa èjìká àti ọrùn wọn mu wẹ́kú.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín tí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń lọ jím ní Bódìjà bá ní àwọ̀n kílò mẹ́fà ò jẹ́ nǹkan kan. Wọ́n á gbé kílò 80 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n á jókòó, wọ́n á tẹ fóònù, wọ́n á tún gbé e. Ìjókòó yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń rí àyè wọlé. Apẹja Eléyẹlé ò ní ìjókòó. Kódà àjọ̀dún Argungun tí a máa ń rí ní tẹlifíṣọ̀n, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ń sáré wọ odò, ìdíje wákàtí kan ni. Eré ìje ni ìyẹn, ti Eléyẹlé jẹ́ ìrìn àjò.

Omi ló yí i ká, omi ló ń tán lára rẹ̀

Ẹ rántí pé ìyókù agbára tí ara ò fi ṣiṣẹ́, ooru ló ń dà. Iṣẹ́ apẹja sì pọ̀ jù ní dídúró, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń di ooru. Nínú kálórì 1,960 yẹn, ẹ jẹ́ ká ní 1,500 péré ni ooru tí òógùn gbọ́dọ̀ gbé jáde. Lítà òógùn kan, tó bá gbẹ lára, ń gbé bíi kálórì 580 lọ. Ẹ pín in: ó lé ní lítà méjì ààbọ̀. Nílọ́nù píọ̀ wọ́tà jẹ́ 50cl. Márùn-ún ò tó.

Ìyẹn sì jẹ́ tí gbogbo òógùn bá gbẹ lára. Èyí tó bá kán sínú ọkọ̀ ò tu ara lára, òfò ni. Lórí omi, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pọ̀, òógùn kì í tètè gbẹ. Tó bá wá di oṣù kejì sí oṣù kẹta, tí oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn gbóná tó awọ ara tàbí tó jù ú lọ, ara ò lè jù ooru sínú afẹ́fẹ́ mọ́. Afẹ́fẹ́ gan-an ló ń fún un ní ooru. Òógùn nìkan ló kù.

Tí omi bá ti dín lára ọkùnrin oníkílò 70 ní bíi lítà kan ààbọ̀, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ dín kù. Ọkàn wá ní láti máa lù kíákíá kó lè kárí iṣan àti awọ ara, méjèèjì ń jà sí ẹ̀jẹ̀ kan náà. Iṣẹ́ tó ṣe ní aago méje àárọ̀ láìmí gúlegúle, ní aago kan ọ̀sán àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Iṣẹ́ ò yí padà o. Ara ló yí padà.

Ẹ má rò pé ara àwọn apẹja ò mọ ọ̀nà àbáyọ. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ara rẹ̀ á kọ́ bó ṣe ń tètè làágùn, iyọ̀ inú òógùn rẹ̀ á dín kù, omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i. Tí èmi tí mò ń jókòó sí láàbù bá bá wọn wọ ọkọ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ mọ́ oòrùn ń làágùn ju tèmi lọ ni. Omi tó nílò pọ̀ ju tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá

Bàbá kan wà níbẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó mọ omi náà bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ó sọ fún mi pé tó bá ti di ọ̀sán, ìka òun á di pọ̀ mọ́ okùn, òun ò ní lè ṣí i, àfi kí òun fi ọwọ́ kejì yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pajápajá ni. "Ọmọ mi," ó ní, "àgbà ti dé, ọ̀lẹ ti ń wọ̀ mí lára." Àwọn kan ládùúgbò ti sọ fún un pé kì í ṣe ojú lásán.

Mo bi í pé, "Bàbá, omi mélòó lẹ máa ń mu lórí ọkọ̀?"

Ó wò mí. "Omi wo? Tí mo bá mumi, ṣé orí ọkọ̀ ni màá ti máa dìde tọ̀ níṣojú àwọn obìnrin tó ń fọṣọ?"

Mo ní ẹ ṣeun sà. Kò sí ohun tó ṣe kókó tó ìdáhùn yẹn nínú gbogbo ìwé tí mo kà. Ó ń fi òùngbẹ ṣọ́ iyì rẹ̀.

Ó wá sọ ìyókù. Ní ìdájí, kó tó kúrò nílé, ó máa ń lá ìyẹ̀fun ara ríro, ó ń fi ògógóró díẹ̀ lé e kí ara lè móoru. Tó bá sì di alẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú bíi tíì tí a ò fi mílíìkì sí. Ibẹ̀ ni mi ò ti lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Tí omi bá dín lára, kíndìnrín máa ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin, òun ló ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé ibẹ̀. John Vane ló fi hàn ní 1971 pé aspirin àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń dí prostaglandin lọ́nà. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní 1982. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ìrora. Ìbùprófẹ̀n wà nínú ẹbí yìí, diclofenac náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun ara ríro. Nígbà tí ara kún fún omi, kíndìnrín lè fara dà á. Nígbà tí omi ti tán, prostaglandin yẹn ni ọ̀nà tó kù fún un, oògùn sì ti ti ilẹ̀kùn. Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè kọjá lọ. Ojoojúmọ́ fún ọdún mélòó kan jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ògógóró ní tirẹ̀ ń sọ fún kíndìnrín pé kó tú omi jáde, ó sì ń ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ awọ ara; móoru tí Bàbá ń gbọ́ yẹn, ooru inú rẹ̀ ló ń sá jáde. Ó tún ń ba ìdúróṣinṣin jẹ́, fún ẹni tó dúró lórí igi tó ń mì.

Ní ti pajápajá, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn: àwọn kan ní iyọ̀ àti omi tó dín ló fà á, àwọn kan ní iṣan ara àti ọpọlọ tó ti rẹ̀ ló ń fi àṣẹ ránṣẹ́ lọ́nà òdì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó ní àjẹ́ ni.

Kí ni mo wá ní kó ṣe? Kó mu nílọ́nù omi méjì nílé kó tó jáde, kó tọ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó máa mu díẹ̀díẹ̀, òógùn ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìtọ̀ ò ní pọ̀ bó ṣe rò. Kó máa jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó gbé àwọ̀n sílẹ̀ pátápátá, kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ inú iṣan rẹ̀ lè sinmi. Omi lásán tó bá pọ̀ jù náà léwu, torí iyọ̀ ti bá òógùn lọ, nítorí náà kí iyọ̀ wà nínú oúnjẹ ọ̀sán.

Ní ti oúnjẹ ọ̀sán yìí, ẹ̀yin tó ń fi gàrí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bọ́ síbí. Ní 1960, Robert Crane ṣàlàyé ní Prague pé ìfun máa ń gbé ṣúgà àti iyọ̀ wọlé pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kan náà, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Lórí ìyẹn ni omi oníyọ̀-àti-ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru dúró lé. Gàrí tútù, omi púpọ̀, ṣúgà díẹ̀, ẹ̀pà oníyọ̀: gàrí á di ṣúgà nínú ìfun, ìyẹn á sì tún dí àlàfo ṣúgà inú iṣan tí iṣẹ́ àárọ̀ ti jó. Bàbá rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní UI nìyẹn.

Omi, ó ti gbà. Ó ti ní jálá kékeré kan lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ báyìí, ó sì ti ní kọ́ńgò àtijọ́ kan fún ọ̀rọ̀ ìtọ̀, ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí etí omi tó bá fẹ́ lò ó. Ìka náà ṣì ń dì, àmọ́ ó ní aago mẹ́ta ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, kì í ṣe aago kan. Ìyẹ̀fun ni a ṣì ń fà. Ó ti fi ìdájí méjì sílẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, ó ní òun ò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ń ro òun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n fi ń wo creatinine, òun ló ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣe sí. Mo ti ní ká jọ lọ, èmi ni màá sanwó. Ó ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí omi ru, tí kò ṣeé wọ̀, ni a máa lọ.